Ọdún tí Ọ̀tà di Ibì Kọ̀ọ̀kan

Kí bàbá mi tó di ẹni tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí lórí tẹlifíṣàn, gọ́tà ni wọ́n máa ń tì í sí. Ẹ má rò pé mò ń bú u o, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Nínú àwọn fíìmù aláwàdà tí wọ́n ń ṣe ládùúgbò wa nígbà náà, tí wọ́n ń tà ní gbogbo ìsọ̀ láti Sàngó títí dé Oju Ore, bí ẹ bá ti rí ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ ṣòkòtò tó tóbi jù ú lọ, tí ìyàwó ń fi ìgbálẹ̀ lé, tó sì fẹ́ fo gọ́tà, bàbá mi lẹ rí yẹn, kò sì ní fò ó já láé. Ṣàkì-Ò-Jinná lorúkọ tó ń jẹ́ nínú fíìmù. Ràṣídì ni wọ́n sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i, ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ìyá tó bí i, mi ò rántí ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn tá a jọ ń lọ sílé ìwé ń pè mí ní ọmọ Ṣàkì, olùkọ́ wa náà sì ń pè mí bẹ́ẹ̀ bí inú rẹ̀ bá dùn. Kò dùn mí rí. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń pa gbogbo ìlú lẹ́rìn-ín kì í wá ẹni tó máa bá a ṣeré tì. Kí n sọ òótọ́, mo tiẹ̀ rò nígbà náà pé gbogbo bàbá ló máa ń ṣubú sí gọ́tà, pé tèmi kàn mọ̀ ọ́n ṣubú ju tàwọn tó kù lọ ni.

Agboolé kan lẹ́yìn títì Ìdíròkò là ń gbé, ilé kan báyìí tí àgbàlá rẹ̀ fẹ̀ ju ilé fúnra rẹ̀ lọ. Fèrè iléeṣẹ́ ló ń jí wa. Àkùkọ wà, ìpè àdúrà wà, ṣùgbọ́n fèrè iléeṣẹ́ irin tó wà lápá Sàngó ló máa ń gbé wa lórí ẹní, ti iléeṣẹ́ ọṣẹ á tẹ̀ lé e, ìyá mi á sì ti máa wá bàtà rẹ̀ kiri, torí iléeṣẹ́ bísíkíìtì ló ń bá ṣiṣẹ́, wọn kì í sì í ṣí géètì fún ẹni tó bá pẹ́. Bó bá ṣe ṣíìfù àárọ̀, òórùn bísíkíìtì ló máa ń gbé wọlé lọ́sàn-án, nínú irun, nínú aṣọ, a ó sì rọ̀ mọ́ ọn títí á fi lé wa. Tírélà á kọjá lójú títì, àwọn àwo wa á máa dáhùn lórí pẹpẹ. Láàárín gbogbo ariwo yìí, ohùn kan wà tó jẹ́ ti ilé wa nìkan, ìyẹn ni ohùn Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, tó ń fọ́ láfún sórí tapólì tó sì ń bá ewúrẹ́ wí. Á rẹ ẹ̀gẹ́ sínú àgbá títí yóò fi rọ̀, á fún omi rẹ̀ dànù, á wá fọ́ ọ sójú oòrùn kó gbẹ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Láti Ọ̀tà títí dé Àtàn ni wọ́n ti ń wá rà á, nítorí láfún tirẹ̀ funfun, kì í rùn. Òjò nìkan ni ọ̀tá rẹ̀. Bí òjò bá pa láfún níbi tó ti ń gbẹ, á dúdú, á bu, ewúrẹ́ gan-an á gbóòórùn rẹ̀ á kọjá lọ. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò tèmi tọ̀pá, kí n máa lé adìẹ. "Àbẹ̀ní," Ìyá Àgbà á ní, "ojú kan lára adìẹ, ojú kan lójú ọ̀run." Mo ṣì ń wo ojú ọ̀run bẹ́ẹ̀ títí dòní, bí mo tiẹ̀ ń gbé nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí n kò sì sá nǹkan kan sí ìta.

Ohun kan wà lọ́kàn bàbá mi lọ́dún yẹn, tí gbogbo wa mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í sọ. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín sí àwàdà rẹ̀ rí. Ẹ má ṣì mí gbọ́, Ìyá Àgbà kì í ṣe òǹrorò. Ewúrẹ́ ń pa á lẹ́rìn-ín. Ìmáàmù àdúgbò wa tó máa ń sín láàárín wáàsí ń pa á lẹ́rìn-ín débi pé á fi ìborùn bojú. Ṣùgbọ́n bí bàbá mi bá ti gbé ṣòkòtò sókè tó ń rìn bíi Ṣàkì láàárín àgbàlá, tí àwa ọmọdé ń yí nílẹ̀, Ìyá Àgbà á yíjú sí ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ìyá mi ló sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Nígbà tí fíìmù àkọ́kọ́ jáde, wọ́n mú Ìyá Àgbà lọ wò ó nílé aládùúgbò kan tó ní fídíò. Ibi tí wọ́n ti ti bàbá mi sí gọ́tà ni gbogbo ilé ti bú sẹ́rìn-ín, ibẹ̀ náà ni Ìyá Àgbà ti dìde, ó fa ìborùn rẹ̀ mọ́ra, ó ń lọ sílé. Wọ́n sáré tẹ̀ lé e, wọ́n bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ọmọ tí mo pọ̀n, òun lẹ tì sínú ẹrẹ̀, ẹ wá ní kí n jókòó kí n rẹ́rìn-ín. Ta ní ń rẹ́rìn-ín ọmọ rẹ̀ tó ṣubú?" Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi ti ń wá ẹ̀rín yẹn kiri. Ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín níbi ìkómọ, ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín níbi ìṣílé, ó pa ọlọ́pàá lẹ́rìn-ín lójú títì tí wọ́n fi ní kó máa lọ láìwo ìwé ọkọ̀. Ti ìyá rẹ̀ ló ṣẹ́ kù.

Kò wá iṣẹ́ ojú ọjọ́ o, iṣẹ́ ló wá a. Iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn kékeré kan wà nígbà náà tí àwòrán rẹ̀ kì í dé ibi tó jìnnà sí wa. Wọ́n ní kí bàbá mi wá ṣe eré aláwàdà kan fún wọn. Ọjọ́ tó lọ gan-an ni ẹni tó ń ka ojú ọjọ́ ní Yorùbá fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìdágbére, àkókò ètò sì ti tó. Ọ̀gá wọn, obìnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Màdáàmù, wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní kí bàbá mi bọ́ ṣòkòtò Ṣàkì, kó wá wọ kóòtù tí onítọ̀hún fi sílẹ̀ lára ìlẹ̀kùn. Ó kà á, ó yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Màdáàmù ní òun á dán an wò títí òjò ọdún náà á fi kásẹ̀ nílẹ̀. Bí àwọn èèyàn bá gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, iṣẹ́ ti di tirẹ̀. Bí wọ́n bá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, kó máa padà síbi tó ti wá. "Òfin kan ló wà," Màdáàmù ní, "o ò gbọ́dọ̀ dápàárá." Bàbá mi dé sílé lọ́jọ́ náà, ó ń rìn bí ọ̀gá ilé ìwé. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó ní, "Màámi, mo ti bọ́ nínú gọ́tà." Ìyá Àgbà ní, "Kí Ọlọ́run jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀," ó sì ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, gbogbo ilé kún yàrá wa fọ́fọ́. Ìyá mi ti ro láfún, ó se ilá, àwo wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Onílé tan jẹnẹrétọ̀ nítorí tiwa. Ìyá Fọláṣadé, alágbàfọ̀ tó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ fọ aṣọ, tí ògiri kúkúrú kan là láàárín ilé rẹ̀ àti tiwa, òun ló jókòó síwájú jù. Bàbá mi yọ lórí tẹlifíṣàn, ó dúró níwájú máàpù, apá kóòtù gùn dé ìka ọwọ́ rẹ̀. Àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ máa ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn ní èdè Òyìnbó, òun á wá tú u. Ó ní, "Ojú ọ̀run yóò ṣú dẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ ìyálẹ̀ta, ó sì ṣeé ṣe kí ọ̀wààrà òjò rọ̀ ní ibì kọ̀ọ̀kan." Ó tẹrí ba, ó lọ. Àwa pàtẹ́wọ́. Ìyá Àgbà ò pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Níbo ló ní ó máa rọ̀ sí?"

Ìyá mi ní, "Ó ní ibì kọ̀ọ̀kan, Màámi."

"Ibì Kọ̀ọ̀kan." Ìyá Àgbà rò ó díẹ̀. "Ṣé ó jìnnà sí Àtàn ni?"

Títí dòní mi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ sọ ọ́ ni tàbí kò mọ̀. Ojú rẹ̀ ò yí padà. Nígbà tí bàbá mi tún sọ ọ́ ní ọjọ́ kejì, tó tún sọ ọ́ ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Àgbà mi orí, ó ní, "Òjò ìlú yẹn mà pọ̀ o. Èèyàn ò lè sá láfún níbẹ̀." Bí Ibì Kọ̀ọ̀kan ṣe di ìlú nílé wa nìyẹn. Bí bàtà ìyá mi bá sọnù láàárọ̀, Ibì Kọ̀ọ̀kan ló lọ. Bí wọ́n bá rán mi ní iyọ̀ tí mo pẹ́, wọ́n á ní ṣé Ibì Kọ̀ọ̀kan ni mo ti lọ rà á. Àwọn ọmọ tèmi náà ti ń pè é báyìí, wọn ò sì mọ ìyá tó tẹ ìlú náà dó. Lánàá yìí ni fóònù mi sọ fún mi pé ó ṣeé ṣe kí òjò rọ̀, mo bi í sókè pé níbo, ọkọ mi sì dáhùn láti ilé ìdáná pé Ibì Kọ̀ọ̀kan ni.

Ṣùgbọ́n ní ìta, ọ̀rọ̀ ò dùn tó bẹ́ẹ̀ fún bàbá mi. Bó bá ní òjò ń bọ̀, àwọn èèyàn á máa lu ara wọn lẹ́yìn. Wọ́n ń retí ibi tí yóò ti ṣubú. Lójú títì, mẹkáníìkì á pè é láti abẹ́ ọkọ̀, "Ṣàkì, òjò lónìí àbí gọ́tà?" Àwọn tó tiẹ̀ gbà á gbọ́, wọ́n gbà á gbọ́ ju bó ti yẹ lọ. Ọkùnrin kan wá láti Adó-Odò, ó gbé àkùkọ pupa kan dání, ó kúnlẹ̀ ní àgbàlá wa. Ó ní òun fẹ́ ṣe ìsìnkú bàbá òun ní Sátidé, òun sì gbọ́ pé ìdí bàbá mi ni òjò wà báyìí. Bàbá mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi kì í mú òjò dúró o. Kíkà ni mò ń kà á." Ọkùnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Ó yé mi. Iṣẹ́ ìjọba ni, ẹ ò lè sọ ọ́ síta. Ẹ ṣáà bá wa kà á síbòmíì." Ìyá mi sá wọ yàrá lọ rẹ́rìn-ín. Bí bàbá mi ṣe ń bẹ̀ ẹ́ kó gbé adìẹ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fẹ̀yìn rìn lọ. Oòrùn ràn kankan ní Sátidé yẹn, ọkùnrin náà sì fi ẹran ránṣẹ́ sí wa. Àkùkọ yẹn gbé ọ̀dọ̀ wa pẹ́, kò sì sí ohun tó ń jẹ láfún tó o.

Òjò ọdún náà ti ń lọ sópin nígbà tí Màdáàmù pe bàbá mi. Ó ní ṣe ni àwọn èèyàn ń tẹ àwọn láago kìkì láti rẹ́rìn-ín, pé ẹnì kan tiẹ̀ bèèrè ìgbà tí Ṣàkì máa ṣubú lu máàpù. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun á pinnu. Bàbá mi dé, kò bọ́ kóòtù, ó jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí àgbá, ó mú ọ̀bẹ, ó ń bá a bó ẹ̀gẹ́. Mo wà lábẹ́ igi máńgòrò, mo ń gbọ́ wọn.

"Ràṣídì, kí ló dé?"

"Wọn ò gbà mí gbọ́, Màámi. Mo ní òjò, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní oòrùn, wọ́n rẹ́rìn-ín."

"Èmi náà ò gbà ọ́ gbọ́."

"Mo mọ̀."

"Kì í ṣe torí gọ́tà o." Ìyá Àgbà ju èèpo sí ewúrẹ́. "Bí mo bá fẹ́ kó o wá jẹun, ṣé mo máa ń jáde síta kí n ní, 'Ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kí oúnjẹ ti jinná'? Ràṣídì ni mò ń pè, Ràṣídì á sì dáhùn. Ọ̀rọ̀ tí ò pe ẹnikẹ́ni lórúkọ, ta ló fẹ́ dá a lóhùn?"

"Bí mo bá wá dárúkọ ìlú, tí òjò ò sì rọ̀ ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé o parọ́. Ṣùgbọ́n a máa mọ̀ pé àwa lo pa á fún."

Bàbá mi fi ọ̀bẹ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Àgbà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó máa bó ẹ̀gẹ́ lọ, ilẹ̀ ń ṣú.

Láàárọ̀ ọ̀la rẹ̀, ìyá mi ò lọ síbi iṣẹ́, ọ̀sán ni ṣíìfù rẹ̀. A tan tẹlifíṣàn, torí bàbá mi náà ló ń ka ojú ọjọ́ àárọ̀. Ìyá Àgbà ti fọ́ láfún rẹ̀ sórí tapólì látìdájí, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu ọwọ́. Bàbá mi yọ. Kò wo ìwé. Ó ní, "Ẹ̀yin ará Ọ̀tà, ẹ̀yin ará Sàngó, Oju Ore àti Àtàn, òjò ń bọ̀ lónìí. Kì í ṣe ibì kọ̀ọ̀kan o, ọ̀dọ̀ wa níbí ni. Ìjì á ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó bá sá aṣọ, kó lọ ká a." Ó wo iwájú gan-an bí ẹni pé ó ń wo inú yàrá wa. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó láfún." Ó tẹrí ba, ó lọ.

Ìyá Àgbà ní, "Ó fi mí sínú tẹlifíṣàn." Ó jáde, àwa náà tẹ̀ lé e. Ojú ọ̀run mọ́ rekete. Oòrùn ti mú tapólì. Láfún ọjọ́ náà pọ̀, oòrùn ọjọ́ kan péré ló sì kù kó gbẹ, bẹ́ẹ̀, láfún tí wọ́n bá kó jọ ní tútù lè bu nínú ilé bó ṣe lè bu nínú òjò. Kí a tó mọ̀, orí ti ń yọ lójú ògiri. Ìyá Fọláṣadé wà níbẹ̀, aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ kún okùn lẹ́yìn rẹ̀. Mẹkáníìkì wà níbẹ̀. Àwọn tí mi ò mọ̀ rí wá láti àdúgbò kejì, wọ́n ń béèrè pé ṣé ilé Ìyá Oníláfún nìyí.

"Ìyá," Ìyá Fọláṣadé ní, "ojú yín là ń wò o. Ẹ̀yin lẹ bí i. Bí ẹ bá kó láfún, àwa náà á ká aṣọ. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, a mọ̀ pé Ṣàkì ti tún bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Mo wo ìyá mi, ó ti fi ọwọ́ lérí. Gbogbo wa mọ ohun tó ń bọ̀. Bí Ìyá Àgbà bá fi láfún sílẹ̀, kí òjò rọ̀ tàbí kó má rọ̀, bàbá mi ti padà sí gọ́tà nìyẹn, nítorí kò sí bí ìlú ṣe máa gba ẹni tí ìyá tirẹ̀ ò gbà gbọ́. Ìyá Àgbà gbé ojú sókè, ó wò yíká. "Àbẹ̀ní, kí lo rí lójú ọ̀run?"

"Mi ò rí nǹkan kan, Ìyá Àgbà."

"Èmi náà ò rí nǹkan kan." Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó di í le. "Gbé ọ̀pá yẹn sílẹ̀. Lọ gbé apẹ̀rẹ̀ wá."

"Ẹ gbà á gbọ́ nìyẹn?" Ìyá Fọláṣadé ní.

"Ṣé mo ní mo gbà á gbọ́? Ọmọ mi ló bẹ̀ mí lójú gbogbo ayé pé kí n kó o. Bí n ò bá kó o, ta ló fẹ́ kó tirẹ̀? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde."

Bẹ́ẹ̀ la kó láfún. Ìyá mi ń kó, èmi ń kó, Ìyá Àgbà ń fi ọwọ́ gbá èyí tó kù nílẹ̀. Ká tó parí, okùn Ìyá Fọláṣadé ti ṣófo, mo sì ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn láti ilé dé ilé pé Ìyá Oníláfún ti kó o o, Ìyá Oníláfún ti kó o. Lẹ́yìn náà, a jókòó, à ń retí òjò. Oòrùn ọjọ́ yẹn, mi ò rí irú rẹ̀ mọ́. Fèrè ọ̀sán dún, ìyá mi lọ síbi iṣẹ́, oòrùn ń ràn. Aṣọ tútù ń rùn nílé Ìyá Fọláṣadé, ó sì ń jẹ́ ká mọ̀. Mẹkáníìkì kọjá, ó ní, "Ìyá, òjò yẹn ti wọkọ̀ lọ sí Ibì Kọ̀ọ̀kan o," torí ìgboro ti gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wa. Mo bẹ Ìyá Àgbà pé ká tún kó láfún padà síta. Ó jókòó sórí tapólì tó ṣófo, ó na ẹsẹ̀, ó ní, "Bí a bá tún kó o síta, kí la kó o wọlé fún?" Ó ń gbàdúrà lẹ́nu wúyẹ́wúyẹ́. Mo gbọ́ orúkọ bàbá mi níbẹ̀.

Ewúrẹ́ ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó dìde, ó lọ dúró sábẹ́ òrùlé. Lẹ́yìn náà ni ìjì dé láti apá Àtàn, ó gbé eruku iléeṣẹ́ dání, ó gbọn igi máńgòrò, ojú ọ̀run sì ṣú kí n tó dìde nílẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe òjò wẹ́wẹ́, òjò tí èèyàn ò lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú rẹ̀ ni. Ẹ ò rí i bí àwọn èèyàn ṣe ń yọ̀ ní àdúgbò yẹn, wọ́n jáde sínú rẹ̀, Ìyá Fọláṣadé ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn rẹ̀ tó ṣófo, mẹkáníìkì ń kígbe orúkọ bàbá mi, Ràṣídì gan-an ló ń pè, mi ò mọ ibi tó ti gbọ́ ọ. Ìyá Àgbà bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ká ọwọ́ gbera, ó ń wo bí òjò ṣe ń lu tapólì rẹ̀ tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀.

Òjò ò tíì dá nígbà tí bàbá mi yọ ní géètì. Ó tutù láti orí dé ẹsẹ̀. Apá kóòtù ti gùn sí i, ó ń kán omi, táì ti lẹ̀ mọ́ ọn láyà, bàtà rẹ̀ ń dún fọ̀ọ̀-fọ̀ọ̀, ó sì di báàgì rẹ̀ mú sábẹ́ apá. Ó dúró láàárín àgbàlá, ó wo tapólì, ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá Àgbà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ètè rẹ̀ gbọ̀n. Ó fi ìborùn bojú, ìborùn náà ń gbọ̀n.

"Ràṣídì," ó ní nígbà tó rí ohùn, "ìwọ ò wo tẹlifíṣàn láàárọ̀ ni? Bàbá kan sọ ọ́ o. Ó ní òjò ń bọ̀."

Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú, ó ń na ìka sí i, ó ń gbìyànjú láti tún un sọ, kò lè parí rẹ̀. Ìyá Fọláṣadé gbà á lẹ́nu rẹ̀ láti ojú ògiri, ó ní, "Ẹni eji rí leji ń pa, Bàbá Àbẹ̀ní, kò mọ ẹni tó kéde rẹ̀." Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó kàn dúró nínú òjò, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ díẹ̀, ó ń gbọ́ ẹ̀rín ìyá rẹ̀.

Iṣẹ́ náà di tirẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀ títí irun rẹ̀ fi funfun. Màdáàmù fagi lé òfin àpárá. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, bí bàbá mi bá ti ní, "Màámi, ẹ kó láfún," gbogbo Ọ̀tà ló ń ká aṣọ, àwọn tí kò rí láfún rí náà ń sáré. Ó ń sọ ọ́ lẹ́yìn tí Ìyá Àgbà ti kú pàápàá. Ó ní òun mọ̀ pé ó ṣì ń gbọ́.

Ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ òjò yẹn ni mo fẹ́ fi parí rẹ̀. Bàbá mi ti pààrọ̀ aṣọ, ó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, wọ́n jọ ń jẹ láfún àti ilá nínú àwo kan náà, ohun tí mi ò rí rí. Ìyá Àgbà á gbé òkèlè dé ẹnu, á rántí, á tún gbé e sílẹ̀, á rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ti dé láti ibi iṣẹ́, ó ní kí n lọ kó ohun tó wà nínú báàgì bàbá mi jáde kó lè gbẹ. Mo ṣí báàgì. Ìwé rẹ̀ wà nínú ọ̀rá, ó gbẹ. Agbòjò rẹ̀ wà lórí ìwé, wọ́n ká a dáadáa, ó sì tutù rìnrìn. Mo dúró tì í, omi rẹ̀ ń kán sí mi lẹ́sẹ̀. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé láti ẹnu géètì wa, èèyàn máa ń rí tapólì. Ó ti rí i pé ó ṣófo. Ó ká agbòjò rẹ̀ níbẹ̀, ó fi í sínú báàgì, ó wá rìn wọlé sínú òjò.

Mo gbójú sókè, bàbá mi ń wò mí. Òkèlè wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò jẹ ẹ́.

"Àbẹ̀ní," Ìyá Àgbà ní, ó ń nu ojú rẹ̀, "agbòjò bàbá ẹ dà, tí òjò fi pa á tó báyìí?"

Mo ti báàgì náà pa. Mo ní, "Ó wà ní Ibì Kọ̀ọ̀kan, Ìyá Àgbà."